Ẹ Má Ta Ọkọ̀ Bàbá

Màámi,

Mo kí yín o, mo kí Ẹ̀gbọ́n Tàíbátù àtàwọn ọmọ wọn. Wọ́n ti tún AC yàrá wa ní Muhaisnah ní Dubai níbí ṣe, orúnkún mi náà ti fúyẹ́. Ṣé ẹ ń lo oògùn ojú yín?

Lọ́jọ́ off mi, mo lọ wo Dubai àtijọ́, níbi tí omi ti la ìlú sí méjì. Mo wọ abra, ọkọ̀ onígi tó ń gbé èèyàn sọdá. Mo na ọwọ́ sómi, mo bu díẹ̀ fi pa iwájú orí, bí olóògbé Bàbá ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó tukọ̀. Ará Bangladesh tó ń wà á rò pé mo fẹ́ bẹ́ sómi, ló bá di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú: "Habibi, no, no." Mo rẹ́rìn-ín títí. Atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, àwọn ilé àtijọ́ ń kọjá lọ bí àlá, ó wá ń ṣe mí bíi pé Bàbá ló wà lẹ́yìn mi.

Màámi, èmi ni mo ní kí ẹ ta ọkọ̀ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á mọ́. Contract mi máa parí ní December, mi ò ní renew, mò ń bọ̀ wálé wá tukọ̀ náà. Ẹ ní kí káfíńtà bá mi wo abẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú yín ríran kedere, torí ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ gbé sọdá.

Ọmọ yín,
Tòhíbù