Ojú Rẹ Kọ́ Ni Wọ́n Ní Kí O Gbé Wá

                                        Ilé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lọ́sẹ̀ yìí pọ̀. Páànù òrùlé tó ń lù gbàgà bí atẹ́gùn bá fẹ́ wà níbẹ̀. Eyín mi kan tó ń mì wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí mo tì, tí mo tún dìde lọ wò bóyá mo tì í, òun náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni olórí gbogbo wọn.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti rọlẹ̀? Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsinmi. Mi ò ní béèrè ojú rẹ, nítorí mo gbọ́ pé ó dára débi pé dókítà ti fi í sínú fáìlì ọmọ rẹ.

Má wulẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ wa aránṣọ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Lọ́jọ́ tí ẹ ti ilé ìwòsàn dé, o pè mí, ohùn rẹ ń dún bíi ti bàbá tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó yege o. Ó tiẹ̀ ju ti èṣí lọ." Mo dúpẹ́, mo sì jẹun yó lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n ti fura, torí bí mo bá ti jẹun yó báyẹn, nǹkan kan ń bọ̀ lẹ́yìn.

Rántí ohun tí dókítà sọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní MS ló ń ṣe ọmọ náà. Mo wà níbẹ̀, mo sì ní kó tún un sọ. Ó ní àìsàn yìí ń bó ara iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri, bí ìgbà tí eku bá bó rọ́bà ara wáyà iná. Ó ní ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń wò. Bí aláìsàn bá ti ń rìn, wọ́n á ní ara ti yá. Bẹ́ẹ̀, ojú lè ti máa sọ ohun tí ẹsẹ̀ ò tíì sọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo pátákó ìdánwò ojú kejì yàtọ̀ sí ti lẹ́tà dúdú, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ ṣá bí aṣọ tó pẹ́ jù lóòrùn. Bí iye tó kà bá dín sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé àìsàn náà ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀, wọ́n á sì ro ti oògùn mìíràn. Ìwọ náà ń mi orí nígbà náà. Mo rò pé ò ń gbọ́ ni, àṣé ò ń tòògbé.

Ọmọ náà ní òun rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọmọ ogun, òun sì ka pátákó lẹ́tà dúdú dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tó ṣá dé, tí wọ́n bo ojú rẹ̀ kan, ó bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n gbàgbé láti kọ nǹkan sí i ni. Ni ìwọ tó o jókòó tì í, tó o gbé báàgì rẹ̀ lé itan, bá bẹ̀rẹ̀ ikọ́. Nínú ikọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ṣé kí n bu omi fún yín?" O ní rárá, eruku ni. O tiẹ̀ pe lẹ́tà O ní C, ọmọ náà sì pè é bẹ́ẹ̀, torí ta ni yóò bá bàbá rẹ̀ jiyàn nílé ìwòsàn?

Ojú ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni dókítà wá ń tọ́jú lára ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó wo ìwé, inú rẹ̀ dùn, ó ní oògùn ń ṣiṣẹ́, kó máa lò ó lọ. Ìyẹn oògùn tí kò ràn án, tó ń gbé mì láràárọ̀ nítorí pé bàbá rẹ̀ fẹ́ kó yege.

Ní báyìí, bó bá ń fi òwú dúdú rán aṣọ dúdú, kì í mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà mọ́. Apá kóòtù oníbàárà kan ló rán pa pọ̀ mọ́ àpò. Lọ́jọ́ Ajé, ó tàsé àtẹ̀gùn ìkẹyìn nílé yín, torí símẹ́ǹtì àtẹ̀gùn àti símẹ́ǹtì ilẹ̀ ti di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Orúnkún ló fi balẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti sọ. Ìwọ ṣì ń wo bó ṣe ń rìn. Ètè lo fi sílẹ̀ tí ò ń pa làpálàpá.

Mi ò ní o ò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ìwọ lò ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, títí tíṣà fi ní ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ yìí ti gbó jù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fúnni lóògùn lórí iṣẹ́ àṣetiléwá.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, mo gbọ́ bí ohùn dádì mi ṣe ń gbọ̀n nínú ikọ́ yẹn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ju èmi lọ." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dárí jì ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tún bínú padà.

Mo ní kó pe nọ́ọ̀sì, kó sọ òótọ́. Ó ti pè é. Wọ́n ní kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá, kí oníkọ́ sì jókòó síta. Èmi àti ìwọ la jọ máa jókòó síta yẹn. Bí ohun tó kà bá dín, kó dín. Ojú rẹ̀ ni yóò jẹ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa. Kí ọmọ náà, sọ fún un pé kó fi aṣọ dúdú sílẹ̀ ná. Kí n tó dé, wá ọ̀dà funfun, kí o fi kun etí àtẹ̀gùn ìkẹyìn yẹn. Ìrànlọ́wọ́ tí ojú rẹ lè ṣe fún un nìyẹn.

Ọkọ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà, òjò lè dá wa dúró, eyín mi sì lè yọ. Nítorí náà, mi ò ní dúró di Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí, ni mò ń gbéra.

                                        Tìrẹ ni èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
                                        Bàbá Aláìsùn.