Bàbá Rẹ Sá Kúrò Nílé Ìwòsàn Bíi Jónà

Taeksu, àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Seoul ò pọ̀ jù? Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ òkun á máa bọ́ ọ lórí àjà tó ga fíofío tí o ń gbé yẹn, n ò tiẹ̀ mọ ohun tí èèyàn ń wá lókè tó bẹ́ẹ̀. Ara mi le, kimchi, ẹ̀fọ́ oníyọ̀ àti ata tí mo rẹ sínú ìkòkò lọ́dún yìí, dùn, ajá wa ti bímọ.

Mo pè ọ́ lórí fóònù títí, obìnrin kan ló ń gbé e. Ó ní o ò sí nítòsí, pé kí n sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti gbọ́ ohùn kan. Mo kí i dáadáa, mo bi í pé ọmọ ta ni, mo ní ṣé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò dá mi lóhùn. Ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí o bá máa fẹ́ ẹ, kọ́kọ́ mú un wá kí n rí i.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ó pẹ́ tí ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n, àwọ̀n á bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní òtútù ni. Ìgbà tí wọ́n wá ṣubú lulẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi wọn, tí orí wọn ń fọ́, mo fipá mú wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwòsàn ńlá.

Taeksu, àwọn ará ibẹ̀ mọ nǹkan o! Bí a ṣe wọlé báyìí ni ẹ̀rọ kan pọ ìwé pélébé jáde, mọ́kànléláàádọ́rin ló wà lára rẹ̀, ọjọ́ orí bàbá rẹ gan-an, láìbi ẹnikẹ́ni. Aboyún tó tẹ̀lé wa wá gba méjìléláàádọ́rin. Mo kí i kú oríire, mo ní Sárà nìkan ni mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó dìde, ó lọ jókòó síbòmíì.

Dókítà ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ kan wo inú orí bàbá rẹ, pé wọ́n á dùbúlẹ̀, àwọn á sì tì wọ́n wọnú ihò gbọọrọ kan. Bí wọ́n ṣe gbọ́ bí ihò náà ṣe ń bú, ojú wọn yí padà. Èèyàn tó ti bá ìjì òkun jìjàkadì! Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ tọ̀. Mo jókòó, mo ń retí, mo ń retí. Àṣé wọ́n ti sá lọ.

Ibùdókọ̀ ni mo ti bá wọn, nínú aṣọ ilé ìwòsàn tó là sílẹ̀ lẹ́yìn, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn ní ìdí, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ kan, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé wà lọ́wọ́ kejì. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bò wọ́n. Mo ní bàbá Taeksu, Jónà gan-an lẹ̀yin o. Wọ́n ní Ọlọ́run ni Jónà ń sá fún, pé àwọn ò bá Ọlọ́run jà. Mo ní ta wá lẹ ń sá fún? Wọ́n gbé ìrẹsì sílẹ̀. Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àwọn náà ṣe gbọ̀n nìyẹn kó tó kú, pé bí dókítà ò bá rí nǹkan náà, ó lè má sí níbẹ̀.

Ọmọ mi, mo jókòó tì wọ́n. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìgbà tó yá ni mo rántí ohun tí pásítọ̀ wa ò wàásù lé rí, pé Jónà sanwó ọkọ̀ kó tó sá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ẹja gbé e padà. Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo ní Jónà nìkan ló dá wà níkùn ẹja, kò ní ìyàwó níta, ẹ̀yin ní. Bàbá rẹ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n nu ẹnu, wọ́n lọ dá tíkẹ́ẹ̀tì padà kí owó wọn má bàa ṣòfò.

Bí a ṣe padà sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba òrùka mi, ó ní irin ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó jẹ́ kí n wọlé, ó ní kí n di ẹsẹ̀ wọn mú. Ẹ̀rọ náà wá ń dún bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kan páànù lẹ́ẹ̀kan náà, ni mo bá gbé orin ìyìn sókè. Ohùn kan jáde láti ara ògiri, ó ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kọrin. Kíá ni mo dáhùn pé máa wí, Olúwa, ìránṣẹ́ rẹ ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni. Àmọ́ mo mọ ìgbà tí bàbá rẹ ń sunkún nínú ibẹ̀, nítorí ìka ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. N ò tú u sílẹ̀.

Kì í ṣe àìsàn tó pa ẹ̀gbọ́n wọn, ògo ni fún Ọlọ́run. Iṣan kan ló ń fún pọ̀ nínú orí wọn, oògùn á kápá rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá lọ sójú òkun mọ́, ìyẹn ló wá dùn wọ́n jù. Ìyá Ongju, aládùúgbò wa, ní òun á máa bá wọn lọ. Bàbá rẹ ní ẹnu obìnrin yẹn á lé gbogbo ẹja lọ sí Japan.

Ni èmi tí mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó bá wọ̀ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé Pétérù náà ò mọ̀ bóyá omi á gba òun, kó tó gbé ẹsẹ̀. Mo bì, mo tún bì. Lẹ́yìn náà ni oòrùn yọ láti inú omi, gbogbo òkun pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àṣé ohun tí ọkùnrin yìí ń rí láràárọ̀ nìyí, kò sọ fún mi rí!

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà rọ́bà tó bá ẹsẹ̀ mi mu àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Má fi sí báńkì, ẹ̀rọ tó ń pọ owó níbẹ̀ ń bínú sí mi, ó ti gbé káàdì mi mì. Kí Olúwa máa ṣáájú rẹ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ yín, kó máa mú ọ jáde sínú ìmọ́lẹ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń mọ́, oore rẹ á máa mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, apẹja tuntun.