Má Dọ̀bálẹ̀ Lórí Ẹ̀tù

Cochrane, Canada, oṣù kejì, 2016

Gbóyèga Àkànní, ọmọ mi,

Ṣé ọmọ tí ìyá rẹ̀ kí tí kò dáhùn lè jẹ́ ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ṣé àlàáfíà ni ní Pineridge? Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ ńkọ́? Ẹ kú snow o. Ilé-iṣẹ́ epo tó ní kí o máa lọ sílé kọ́ ni Ọlọ́run rẹ; Ẹni tó fún ọ níṣẹ́ yẹn kò tíì sùn.

Àlàáfíà ni èmi àti Motúnráyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ wà. Mo ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìjọba Canada fún ọ ní sátífíkéètì tuntun. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bi mí pé nínú kí ni, mo ní nínú ìbọn. Pásítọ̀ ní kí a dìde fún àdúrà.

Ohun tí kò yé mi ni pé lẹ́yìn gbogbo ìdánwò yẹn, pépà lẹ lọ ń yìnbọn sí. Kí ni pépà ṣe yín? Bàbá mi ṣọdẹ ogójì ọdún, kò pa ohun tí a kò lè sè. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní ọta ti wọ́n, pé o ń ṣa èèpo ọta tí ẹ bá yìn tán, o ń fi kùùkù àgbàdo lílọ̀ fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tó ń yí ní basement, yàrá abẹ́ ilé yín, o sì ń rọ ẹ̀tù tuntun sí i fúnra rẹ, inú mi dùn. Ẹ̀jẹ̀ ọdẹ kì í parẹ́.

Àfi lọ́jọ́ Sunday tí o ń fi ẹ̀rín sọ fún mi pé nígbà tí mo pè ọ́ lórí fídíò ní Saturday, ẹ̀tù lò ń wọ̀n lọ́wọ́. O rí ojú mi, o sáré dọ̀bálẹ̀, o béèrè orúnkún mi. Nígbà tí o dìde, o kò mọ èyí tí o ti rọ ẹ̀tù sí mọ́. O ní o tú àádọ́ta ọta náà palẹ̀, o sì bá ọ̀kan tí ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, èyí tí ìbá fọ́ ìbọn mọ́ ọ lọ́wọ́. O ní kí n chill, pé o ṣáà ti rí i.

Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó rántí òfin kan ní ilé bàbá mi, tí mo ti mọ̀ kí n tó bí ọ. Bí bàbá mi bá ń wọn ẹ̀tù, ẹnikẹ́ni kì í kí i. Àna rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó kí i títí, bàbá ò wo ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tó bo ẹ̀tù tán ló jáde, ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àna bi í pé ṣé ó ti dití ni. Ó ní òun ò dití, ìka òun mẹ́wàá ni òun ń ṣọ́.

Àwa tí a kọ́ ọmọ pé kó fi ohun gbogbo sílẹ̀ kó kí àgbà, ṣé a rántí sọ ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ kí fún un? Èmi kò sọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà: lẹ́tà kì í dún. Mo sì ti ka ìwé ìlànà ẹ̀tù rírọ tí o gbàgbé síbí láti èèpo dé èèpo. Wọ́n ní kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo inú èèpo ọta kọ̀ọ̀kan kí o tó dé e lórí. Fi fóònù sílẹ̀ lókè fún Sẹ̀gilọlá.

N kò béèrè owó lóṣù yìí, mo mọ bí ọjà epo ṣe rí. Òṣùwọ̀n kékeré tí o fi ń wọn ẹ̀tù yẹn ni kí o yá mi, kí n fi wọn iyọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ nọ́ọ̀sì ń bù fún mi. Ẹ̀tù rẹ pọ̀ ju iyọ̀ mi lọ.

Ọlọ́run yóò dá ọwọ́ rẹ sí, iṣẹ́ tó dára yóò sì wá ọ délé. Ní Saturday, bí mo bá gbàgbé tí mo pè, jẹ́ kó dún títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa iná orí tábìlì.

Èmi ni ìyá rẹ.