Ráfíà Fẹ́ Sáré Lọ́la

Bàbá mi tí ẹ máa ń pè mí ní Ìyá Kékeré,

Kí Ọlọ́run túbọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kún ibojì yín. Inú ìsọ̀ yín ni mo jókòó sí, nídìí tábìlì tí ẹ ti máa ń gé aṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò tíì fọwọ́ kàn án láti àárọ̀.

Ẹ rántí Ráfíà, ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ẹ lọ. Ó ti pé mẹ́tàlá báyìí, ó wà ní JSS3 nílé ìwé kékeré kan lójú ọ̀nà Ìjagun. Háòsì mẹ́rin ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ò pọ̀ mọ́, wọ́n pa wọ́n pọ̀ di méjì, Yẹ́lò àti Gíríìnì. Kò wá sí ẹni tó lè jókòó wòran mọ́. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ní díbéètì náà ló ń jó lọ́jọ́ àṣà, òun náà ni yóò tún sáré lọ́jọ́ íńtàháòsì. Íńtàháòsì yẹn, ọ̀la ni. Ráfíà ni wọ́n sì fi ṣe ẹni ìkẹyìn nínú rílè, ẹni tí yóò gba ọ̀pá, tí yóò sì sá a délé.

Bàbá, ọmọ yìí ò gbọdọ̀ sáré. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà. Ẹ ò mọ̀. Ẹ rò pé òtútù ni, nígbà tó bá ń sunkún tí ọwọ́ rẹ̀ wú. Ẹ máa ń fi òrí pa á lára, ẹ máa ń gbé e sórí itan, ẹ máa ń fi téèpù ìwọnṣọ ṣeré fún un títí yóò fi sùn. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò ní sọ nǹkan kan.

Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ̀. Síkúlà làwọn ọmọ ń pè é. Bí wọ́n bá ń ṣe àjọyọ̀ ìparí táàmù, wọ́n á gbé àga fún un, wọ́n á ní kó máa wò wọ́n. Nígbà tó wá fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì, tí mo dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti bèèrè irú ẹ̀jẹ̀, AS ni mo kọ. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe é.

Inú rẹ̀ sì dùn. Ó ṣe eré orí ìtàgé. Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àṣà, àwọn tíṣà lá abọ́ náà mọ́. Bó bá ti kan eré sísá, yóò ní inú ń run òun, wọn á fi í sílẹ̀. Ọdún yìí ni kò purọ́ mọ́. Ọmọ tó yẹ kó parí rílè bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ni Ráfíà bá nawọ́ sókè.

Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló tú u fó. Mo ń fọ̀ ọ́, omi pọ́n, erùpẹ̀ pápá. Mo pè é.

"Màmá, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń sá a, kò ṣe mí ní nǹkan kan!"

"Nínú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ yìí? Ráfíà, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ má sọ fún wọn o. Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá sọ, Síkúlà ni mo tún dà yẹn."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dákẹ́. Kí lẹ̀ bá ṣe, Bàbá? Bó bá ṣubú lójú agbo ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, kíráísì, ìrora egungun yẹn, mú un fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo ránṣẹ́ sílé ìwé pé ibà ni. Ó ń ké pé kí n gé ẹsẹ̀ òun sọnù. Igbe yẹn ni mo ń gbọ́ nígbàkígbà tí mo bá rí bàtà kánfáàsì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi ló sì jogún. Ṣé ẹ rántí ṣòkòtò péńpé tí ẹ rán fún mi? Ẹ pa ìsọ̀ dé, ẹ wá dúró níbi okùn ìparí, ẹ ń pariwo ju àwa ọmọ lọ.

Láàárọ̀ yìí mo lọ. Wọ́n ń ṣe ìdánrawò ìkẹyìn. Mo rí i tó gba ọ̀pá. Bàbá, ó ń sá! Gbogbo ọmọ Yẹ́lò ń ké, "Ráfì! Ráfì!" Tíṣà eré ìdárayá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ará Òdógbolú, wá bá mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìyá Ráfíà, kí lẹ̀ ń fún ọmọ yìí jẹ ná? Gàrí lásán kọ́ o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ná, mo rẹ́rìn-ín. Ó ku díẹ̀ kí n yí padà sílé. Àmọ́ mo rí Ráfíà tó tẹ̀ ba, tí kò gbérí, tó ń fi ọwọ́ kan ra itan rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Mo mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń wá. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Mo ní SS ni, irọ́ ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu tíṣà. Kò bá mi jà, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn sáré lọ bu omi, ó ń pariwo, "Ráfíà, jókòó! Jókòó síbòji!" Ọmọ náà wò ó, ó wò mí. Ó ti yé e.

Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ báyìí, lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Ó ti lo oògùn, ó ti mu omi púpọ̀. Ẹsẹ̀ ń ro ó, kò tíì le, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kọjú sógiri, ó ní, "Màmá, kí ẹ tó fẹ́ Dádì, ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ní mo fẹ́ lọ wo ohun tí mo gbé kaná. Mi ò gbé nǹkan kan kaná.

Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ rántí pé Àáfà ní òun ò ní so yìgì láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ bi mí, ẹ tún bi mí, bóyá èsì náà dá mi lójú. Bébà méjì ni mo ní. Ibi àkọ́kọ́ ní AA ni mí. Ibi kejì ní AS, bíi ti ọkọ mi gan-an. Èyí tó wù mí ni mo fi hàn yín, mo ya èkejì. Mo sọ fún ara mi pé àwọn yẹn ló ṣèṣì. Ẹ wọ dígí yín, ẹ kà á, ẹ sì ṣàdúà fún wa. Ọkọ mi ò mọ̀ nípa bébà tí mo ya dòní. Kí ló dé tí ẹ fi gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ foríjì mí. Ẹ̀rù ẹsẹ̀ yẹn ń bà mí, àmọ́ ẹ̀rù ìbéèrè rẹ̀ ló bà mí jù. Bí mo bá purọ́ fún un, yóò gbà á, bí ẹ ṣe gbà á. Mi ò lè fara da ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ń pè mí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún, kí ẹnu mi lè mọ ọ̀nà. Mò ń lọ bá a.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí kò yé fẹ́ràn yín,
Ìyá Ráfíà