Ara Mọ́tò Ni Ilẹ̀ Rẹ̀

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi ní wáyà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa gbé lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè bá Màmá sọ, torí wọ́n á ní mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀gá ọkọ mi. Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ náà máa yé.

Mo ti lọ́kọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì yín l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti so wá pọ̀, àbúrò yín ló sì fà mí lé ọkọ lọ́wọ́ dípò yín. Awakọ̀ takisí ni ọkọ mi, yàrá kan là ń gbé ní Agbowó, ó sì ń ná Agbowó sí Dùgbẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó máa ń nu gíláàsì rẹ̀ láàárọ̀ kó tó fọ ẹnu ara rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa pè é. Èèyàn kì í pe ọkọ lórúkọ, "Dádì" kò sì tíì yá, torí náà tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ni mo máa ń wúkọ́. Ó ti mọ ikọ́ mi yàtọ̀ sí ti ará ilé yòókù.

Ọ̀rọ̀ ampilifáyà ni mo fẹ́ sọ. Àwọn ọmọ Yunifásítì tó ń wọ mọ́tò ní Agbowó, mọ́tò tí orin bá ti ń dún dáadáa ni wọ́n ń wọ̀. Tí rédíò ẹni kò bá ròkè, èèyàn á kàn dúró máa wo àwọn mọ́tò tó dé kẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń kún tí wọ́n sì ń lọ. Ọkọ mi wá ra ampilifáyà, èyí tí wọ́n ń pè ní búsítà, kí ohùn rédíò rẹ̀ lè le. Ẹni tó tà á fún un kàn sọ pé wáyà pupa, bátìrì. Wáyà dúdú, ilẹ̀. Ó parí.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ̀yin riwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Mọ́kọ́lá, tí ẹ bá pe ilẹ̀, irin ara mọ́tò lẹ ń pè bẹ́ẹ̀, ibi tí iná máa ń gbà padà sí bátìrì. Ọkọ mi kì í ṣe riwáyà. Ilẹ̀ tí òun mọ̀ ni ibi tí èèyàn ń tẹ̀. Ó ṣí búùtù, ó gbé búsítà lé orí pákó, ó wá fi sukúrù kan wáyà dúdú mọ́ ilẹ̀ búùtù, láti orí kápẹ́ẹ̀tì, láti orí ọ̀dà, láti orí ìdọ̀tí tó ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ó fa wáyà pupa tààrà láti orí bátìrì, kò fi fíùsì sí i. Ó tì í gba inú ihò kan lára páànù tó mú bí abẹ, kò fi nǹkan kan wé e.

Ó tan rédíò. Orin dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n igbe kan wà nínú rẹ̀, bíi ti ẹ̀fọn létí. Tó bá tẹná, ẹ̀fọn á ké sókè. Tó bá rọra, ẹ̀fọn náà á rọra. Ìyá Onílé yọjú lójú fèrèsé.

"Dírẹ́bà, rédíò lo rà ni àbí ẹ̀fọn?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé láti Dùgbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún òun pé kí òun fín oògùn ẹ̀fọn sí i. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo mọ ohun tó ń ṣe rédíò náà, mo sì dákẹ́. Màmá ti kìlọ̀ fún mi kí n tó wá pé ìyàwó tuntun kì í kọ́ ọkọ níṣẹ́ ọkùnrin. Àti ẹ̀yin náà, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níbi iṣẹ́ yín, nígbà tí ẹ bá kí orí bọ abẹ́ mọ́tò. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má wá mọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Kí ló dé? Ṣé torí àwọn mẹkáníìkì tó ń wò mí ni, àbí mo ti ń mọ̀ ọ́n jù? Mi ò bi yín nígbà yẹn. Mo lọ. Mo mọ aṣọ rán.

Ní Sátidé, ọkọ mi lọ yá dírílì afọwọ́yí lọ́wọ́ káfíńtà. Ó ní sukúrù àkọ́kọ́ kò wọlé tó, kò tíì kan ilẹ̀ dáadáa. Ó mú èyí tó gùn bí ìka mi dání. Ó wọ inú búùtù, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹnu dírílì lé ilẹ̀. Mo ń sá aṣọ. Mo wúkọ́. Kò gbọ́. Mo tún wúkọ́.

"Ìyàwó, lọ mu omi," ló wí, kò gbójú sókè.

Bàbá, ẹ ti fi irú mọ́tò yẹn hàn mí rí. Abẹ́ ilẹ̀ búùtù yẹn gan-an ni táńkì epo wà. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì pè é lórúkọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é.

"Dúró! Táńkì epo ló wà níbẹ̀!"

Mi ò tiẹ̀ fi "ẹ" sí i.

Ìyá Onílé tún yọjú. "Háà! Ìyàwó, ọkọ ẹ lo pè lórúkọ yẹn?" Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbé dírílì náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ìtìjú mú mi. "Bàbá mi ni."

Ó mọ̀ pé riwáyà ni yín. Ó mọ̀ pé ẹ ti kú. Kò mọ̀ pé mo máa ń wà níbẹ̀. Ó wò mí dáadáa, ó ní, "Ó dáa. Kí ni Bàbá wí?"

Mo ní Bàbá ní kó kọ́kọ́ tú wáyà tó so bátìrì mọ́ ara mọ́tò, kí iná má bàa sí níbikíbi. Ó mú sípánà. Ìgbà yẹn ni mo rí òrùka rẹ̀. Kò bọ́ ọ rí látọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń fi wẹ̀, ó ń fi sùn. Ẹ rántí ọ̀gá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Mọ́kọ́lá, tí òrùka rẹ̀ kan orí bátìrì àti sípánà pọ̀, tó pọ́n bí ẹyin iná, àti àpá tó fi sí i níka. Ẹ̀yin máa ń bọ́ tiyín kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ á fi sí mi ní àtàǹpàkò. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyàwó tuntun ṣe ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó bọ́ òrùka?

Mo wolẹ̀. "Bàbá ní kí ẹ bọ́ òrùka."

"Òrùka wo?"

"Èyí."

"Ṣé Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ìwọ?"

"Bàbá ni."

Ó fi ọṣẹ sí ìka, ó yí i títí ó fi jáde. Ó wá ibi tó máa gbé e sí, kò rí. Mo na ọwọ́ sí i. Mi ò sọ fún un pé àtàǹpàkò ni. Ó kàn fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun tó bá kàn, á yíjú sí mi: "Kí ni Bàbá wí?" Mo ní Bàbá ní mọ́tò kì í tẹ ilẹ̀, rọ́bà ló wọ̀ lẹ́sẹ̀, ara rẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀. Kó wá irin tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù, níbi tí táńkì kò sí, kó fi sánpépà ha ọ̀dà ibẹ̀ títí á fi dán bíi ṣíbí, kó wá fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì de wáyà dúdú mọ́ ọn pinpin. Kí wáyà dúdú náà nípọn bíi ti pupa, kó má sì gùn. Kí fíùsì wà lára wáyà pupa nítòsí bátìrì, kó lè jẹ́ pé bí wáyà bá bó tó sì kan ara mọ́tò, fíùsì ló máa kú, mọ́tò ò ní jóná. Kó fi rọ́bà wé wáyà pupa náà níbi tó ti gba inú páànù. Wáyà tó ń gbé orin, kó gba ẹ̀gbẹ́ kejì, kó má bá pupa rìn, kí ẹ̀fọn má bàa wọ inú rẹ̀.

Òmíràn nínú rẹ̀, Bàbá, ẹ kò sọ ọ́ rí. Búsítà ò tíì pọ̀ nígbà yín. Èmi ni mo rò ó jáde látinú èyí tí ẹ kọ́ mi, mo sì fi lé yín lórí. Ó rọrùn fún òun láti gbọ́ ti yín, ó sì rọrùn fún mi láti fi ẹnu yín sọ̀rọ̀.

Ẹ̀fọn ti kú. Orin ń dún ketekete débi pé Ìyá Onílé ní ká din ohùn rẹ̀ kù. Ọkọ mi ti lọ sí Dùgbẹ̀ láti ọ̀sán, kò sì rántí òrùka. Ó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó ń yí, mo ń fi ìka tó kù dì í mú kó má bàa bọ́. Ẹ̀yin náà, nígbà míràn, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú kí ẹ tó bèèrè tiyín. Mo rò pé ẹ gbàgbé ni. Ṣé ẹ gbàgbé lóòótọ́?

Mo gbọ́ mọ́tò níta. Òun ni, mo mọ orin náà. Mo fẹ́ lọ pàdé rẹ̀. Mi ò ní wúkọ́.

Èmi ni, àyànfẹ́ ọmọ yín tó ń bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú.