Fíìmù Tí Mo Ṣí Lójú Oòrùn

Ojúlé 14, Òpópónà Ìrẹ́pọ̀,
Ìbà, Ọ̀jọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, 2025.

Fọlọ́runṣọ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Láti Ìbà títí dé Òkòkòmáíkò, kò sí fọtógíráfà tó tó mi. Bí mo bá gbé kámẹ́rà sójú l'Álàbá Rago, ńṣe làwọn àgbò máa ń tò sórí ìlà, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Ṣé dáadáa lo wà l'Ábẹ́òkúta? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Ọ̀gá rẹ tó ń kọ́ ẹ níṣẹ́ fọ́tò ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jágbe mọ́ ẹ? Gbogbo ilé wa wà láàyè. Tèmi nìkan ni kò dájú mọ́.

O mọ̀ pé látìgbà tí èmi àtìwọ ti wà ní praímárì ni dádì mi àti Àǹkù Káyọ̀dé, àbúrò wọn, ti ń bára wọn yodì. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa, Màmá Àgbà fipá mú wọn dúró pọ̀ nínú sùtánà, láìwọ bàtà, lórí kọnkéré tó gbóná bí ààrò. Ojú Màmá ti ń ṣú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọmọ àwọn méjèèjì nínú fọ́tò kan kí ojú tó lọ tán. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni yọ fóònù. Kámẹ́rà onífíìmù tí Bàbá Àgbà fi sílẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi.

"Káyọ̀dé, dì mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ!"

Àǹkù ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti ń jóná!"

Dádì mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dì mọ́ra. Mo tẹ̀ ẹ́.

Fọlọ́, kò síbi tí fọ́tò ti ń yọjú lẹ́yìn kámẹ́rà yẹn! Mo wá a títí. Ni mo bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ gbàgà, mo fa fíìmù jáde, mo nà án sójú oòrùn. Kò sẹ́nì kankan nínú fíìmù náà. Bàbá kan tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù l'Ájàngbádì wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́: "Ìwọ ọmọ yìí, oòrùn ti jẹ ìdílé yín tán!"

Àǹkù sì ti wọ bàálù lọ sí Kánádà lánàá. Láàárọ̀ yìí, Màmá pè mí: "Oníkámẹ́rà, fọ́tò mi dà?" Mo ní ó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ.

Jọ̀ọ́, fíìmù náà ló wà nínú náílọ́ọ̀nù dúdú yìí. Bá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá rẹ. Bó jẹ́ ọwọ́ Àǹkù léjìká dádì mi nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀, kí wọ́n bá mi fọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí ojú Màmá Àgbà lọ kí fọ́tò náà tó jáde.

Bá mi kí Màmá rẹ, kí o sì kí Rebecca, àbúrò rẹ.

Irọ́ lọ̀rọ̀ àwọn àgbò yẹn. Irọ́ náà ni pé mo jẹ́ fọtógíráfà. Mi ò gbé kámẹ́rà rí kó tó di Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n pé wọ́n dì mọ́ra, òótọ́ ni, Fọlọ́. Mo fi ojú ara mi rí i.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ lọ́wọ́,
Ìṣẹ́gun