Ẹ̀yìn Ni Mo Kọ Sí Àwòrán

Gbádé,

Má wulẹ̀ máa wá wa kiri. Mo ti pọn Moyọ̀ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù àwòrán ní Yábàá. Nígbà tó o ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ yìí, ọmọ nawọ́ sí ọ, o kọjú sógiri, o sùn lọ. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Ẹ̀wà wà nínú kúlà.

Lọ́jọ́bọ̀ tá a kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ẹ̀yìn ni mo kọ sí gbogbo àwòrán, kí ọmọ tí mo pọ̀n, tó máa ń yíjú wẹ̀yìn, lè rí wọn dáadáa. Màmá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Àǹtí, ẹ̀yìn yín ni àwòrán wà o." Òun nìkan lẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, Moyọ̀ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ẹ̀yìn mi ń mì. Kí n tó yíjú padà, ó ti dákẹ́. Mi ò mọ àwòrán tó pa á lẹ́rìn-ín, màmá yẹn sì ti kúrò nítòsí, kò sẹ́ni tí mo lè bi.

Tí oorun bá ti dá lójú rẹ, wá bá wa. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí o máa wo ojú Moyọ̀, kí o sọ èyí tó bá pa á lẹ́rìn-ín fún mi.

Àrínọlá